Èèrà Kì í Lá Epo Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ta òfurufú fún tálákà, kó wá sí àdúgbò wa lẹ́yìn pápá bàálù Vanguardia, ní Villavicencio, lóṣù January, nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní bàálù wíwà bá ń wá ọmọ tuntun. Wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé búrẹ́dì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ èrò. Ọmọbìnrin kan á máa rẹ́rìn-ín nínú ìwé náà, fìlà lórí, àmì wúrà mẹ́rin léjìká. Iye bàálù tí wọ́n ní kì í sí nínú ìwé náà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa tí à ń gbọ́ ariwo bàálù láti àárọ̀ dalẹ́ ló yẹ ká gbọ́n jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwa náà la sì ń kó sí pàkúté jù.

Láàárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, Ermelinda Parales ti wà nídìí agbada símẹ́ńtì tó fi ń fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Alágbàfọ̀ ni. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń fọ aṣọ àwọn ará pápá: awakọ̀, mẹkáníìkì, akẹ́kọ̀ọ́, títí dé aṣọ tábìlì ilé oúnjẹ wọn. Bí ènìyàn bá di í lójú tó sì gbé ṣẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, á sọ bóyá ẹni tó wọ̀ ọ́ fò lánàá tàbí ṣe ló jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá wa bàálù kékeré nínú oòrùn ilẹ̀ wa, òógùn á gbẹ sí i lẹ́yìn bí iyọ̀, epo á sì máa rùn létí apá aṣọ rẹ̀. Ermelinda kì í fi ìmọ̀ yìí ṣe fáàrí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ní in.

Lónìí ni wọ́n máa lọ sanwó ilé ẹ̀kọ́ fún Deyanira, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Custodio bí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, bàálù ló sì ń wò láti ìgbà tó ti ń rákò. Ilẹ̀ àti màlúù tí bàbá Custodio fi sílẹ̀ fún un ní Restrepo ni wọ́n tà. Irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wọ ilé tálákà. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sínú kòtò, Deyanira ò ní fò mọ́ láyé yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ní sí ilẹ̀ tí wọ́n á padà sí.

Ilé ẹ̀kọ́ méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan ni Cielo Mayor, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà láàárín ìlú, tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní yunifọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀. Ìkejì ni El Gabán, ilé páànù kan ní ìpẹ̀kun pápá. Cielo Mayor ti ní àwọn ṣẹ́ owó kù, àmọ́ bí aago méjìlá ọ̀sán bá fi lù, ẹ̀dínwó ti tán.

Custodio jáde sí ìdáná, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi fìlà tó máa ń dé lọ sí Máàsì sábẹ́ apá. Ẹrù ló ń rù sínú àwọn bàálù àtijọ́ tó ń kó bíà àti símẹ́ńtì lọ sí inú igbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí ó nà án tọ́ọ́rọ́. Ermelinda gbé arepa, àkàrà àgbàdo, àti ẹyin síwájú rẹ̀, ó bu kọfí dúdú sí i.

"Ẹ jẹun kíákíá," ni Custodio wí fún ìyá àti ọmọ. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní a pẹ́."

Deyanira ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ṣí ìwé kan sílẹ̀ tó kọ nǹkan sí. "Bàbá, mo bi Captain Larrarte ní Cielo Mayor pé bàálù mélòó ló ń fò nínú bàálù wọn báyìí, ó ní kí n lọ bi akọ̀wé. Akọ̀wé ní kí n lọ bi Captain."

"Ìbéèrè tìẹ náà ti pọ̀ jù! Ọ̀gágun ń rán ọmọ ẹ̀ lọ síbẹ̀, dókítà ń rán ọmọ ẹ̀ lọ síbẹ̀, ìwọ ọmọ Custodio aláàárù lo wá ń bi wọ́n pé mélòó ni bàálù wọn."

"Bàálù ni mo fẹ́ lọ kọ́. Ta ni kí n wá bi, ẹni tó ń ta búrẹ́dì?"

Ermelinda rẹ́rìn-ín, ó tètè yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Rẹ́rìn-ín o, Erme. Torí náà, El Gabán lẹ fẹ́? Bàálù méjì! Èmi fojú mi rí i, ọ̀kan ń gbé orí búlọ́ọ̀kù bí ìkòkò. Captain wọn fúnra ẹ̀ ló ń gbálẹ̀. Sálúbàtà ló wọ̀!"

"Ẹni tó ń gbálẹ̀ ibi iṣẹ́ ẹ̀, ṣé ó ṣẹ̀ ni?" ni Ermelinda bi í.

"Ó ṣẹ̀ mí! Mo ti ru ẹrù fún ọgbọ̀n ọdún, wọn ò jẹ́ kí n wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú rí. Ọmọ mi máa gba iwájú wọlé. Ó máa wọ yunifọ́ọ̀mù lónìí, a máa ya fọ́tò lónìí."

"Yunifọ́ọ̀mù kọ́ ló ń fò, Custodio."

"Kí lo mọ̀ nípa bàálù, Erme? Aṣọ lo ń fọ̀."

Deyanira gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ermelinda mú aṣọ ìnuwọ́ tó wà léjìká rẹ̀, ó fún un sínú bésìnì bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀. Kò sómi níbẹ̀. Custodio mú ẹyin jẹ, kò gbádùn rẹ̀, torí ó mọ ohun tí òun sọ.

Bó ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni Belarmina wọlé. Odi kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn. Òun ló gbé Deyanira lọ́wọ́ níbi ìrìbọmi rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti ọjọ́ náà ni òun àti Ermelinda ò ti pe ara wọn lórúkọ mọ́. Comadre ni wọ́n ń pe ara wọn. Ó gbé tungo gbígbóná wá, ìrẹsì àti wàràkàṣì tí wọ́n wé sínú ewé, ó sì ti kun ojú.

"Páílọ́ọ̀tì wa dà? Ẹ jẹ́ n rí i! Ha, mo ti sọ fún gbogbo òpópónà o. Doña Ofelia ní irọ́ ni, mo ní kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ títí tá a fi máa padà dé." Ó gbé tungo kan sí ọwọ́ Deyanira. "Jẹun, ọmọ mi. Fabián ọmọ mi ti wà ní Cielo Mayor láti aago méje, ó ń dúró dè yín. Òun ló máa gbà yín lálejò."

"Ẹ ṣeun, comadre," ni Ermelinda wí.

"Custodio, ẹ máa rí fọ́tò ẹ̀ lógiri tẹ́ ẹ bá wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n da ọ́ìlì sí i lára! Òun ni wọ́n gbé sáàárín gangan."

"Mo ti rí i," ni Custodio wí, inú rẹ̀ sì padà dùn. "Fọ́tò yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ọmọ àdúgbò yìí, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú mi!"

Ermelinda wo ilẹ̀.

Àwa tó ń gbé lẹ́yìn pápá mọ àṣà náà. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ dá nìkan gbé bàálù gòkè tó sì dá a padà sílẹ̀ láyọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á mú un mọ́lẹ̀, wọ́n á da ọ́ìlì dúdú tí ẹ́ńjìnnì ti lò lé e lórí. Ọjọ́ yẹn ló di awakọ̀ lójú wa, ìwé ìjọba ṣì lè máa bọ̀. Nígbà tó di ti Fabián, lọ́dún méjì sẹ́yìn, Belarmina pa ọmọ màlúù, wọ́n fi igi gún un yí iná ká, gbogbo òpópónà jẹ, wọ́n tún bù lọ sílé. Ọjọ́ kejì ló gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà wá fún Ermelinda. "Ẹ rọra fọ̀ ọ́ o, comadre. Aṣọ ìtàn ni."

Ermelinda fi í kọ́ sórí okùn, ó lọ wá kẹrosíìnì àti ọṣẹ líle, torí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í fi aṣọ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ti fọ irú ẹ̀ rí, àbàwọ́n rẹ̀ ń bá aṣọ dé sàréè. Nígbà tó fi máa padà dé, èèrà ti tò lórí okùn láti ìdí igi máńgòrò títí dé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó fi ìka kan án, ó tọ́ ọ wò. Panela ni, ṣúgà ìrèké tí wọ́n sè pẹ̀lú kọfí kó lè dúdú. Omi lásán ló fi fọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ṣí kúrò. Ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó gbé e padà. Belarmina gbé e sókè sí oòrùn, ó ní, "Ọwọ́ yín mà dáa o, comadre! Gbogbo ọ́ìlì yẹn!" Ermelinda ní ẹ ṣeun. Ìyìn tí kò tọ́ sí i yẹn ló ń dùn ún títí dòní, ju irọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ọdún méjì ló fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì Fabián lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: kọ́là dọ̀tí díẹ̀, ẹ̀yìn mọ́, epo ò rùn lára rẹ̀ rí. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ta ni á wọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ bá ìdùnnú nílẹ̀, tí á sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa? Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá yá, ọmọ náà á fò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ tirẹ̀ náà ló wọ bàtà ìlú lónìí yìí, tó mú ìwé dání, tó ń jẹ tungo.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wọ ọkọ̀ èrò lọ sáàárín ìlú. Belarmina ló ń sọ̀rọ̀, Custodio ló ń dáhùn, ó gbé àpò owó sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ní gbogbo ibùdókọ̀ ni Belarmina ti ń rí ẹni tó máa sọ fún. "Páílọ́ọ̀tì nìyí o! Ọmọ-ìrìbọmi mi ni!" Àwọn èèyàn ń kí Deyanira, obìnrin kan tó gbé adìyẹ dání sì súre fún un. Inú Ermelinda ń dùn, ó ń bà jẹ́. Ó wo ọrùn ọmọ rẹ̀ níwájú rẹ̀, bó ṣe nàró, ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ kan ò ní sí láyé yìí tí ọmọ yìí ò ní lè wà.

Ọ́fíìsì Cielo Mayor tutù bí inú fíríìjì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, àwòrán bàálù ńlá gba ògiri kan tán. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn gíláàsì tó rí bí orí bàálù, tí èèyàn á jókòó sínú rẹ̀ tí á máa wo ojú ọ̀run nínú tẹlifíṣàn láì kúrò nílẹ̀. Custodio yọ fìlà kó tó wọlé. Fabián ló ṣí ìlẹ̀kùn, gíga, rírẹwà, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àmì wúrà kan léjìká.

"Ẹ káàbọ̀, doña Erme. Ẹ káàbọ̀, don Custodio." Kò wo ojú Deyanira.

Captain Larrarte jáde wá, ó na ọwọ́ méjèèjì. Irun rẹ̀ ń dán bí ilẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀. "Ẹbí Parales! Ẹ jókòó. Kọfí ńkọ́? Ọmọ yìí, mo ti rí i lójú ẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá: ọmọ ilé iṣẹ́ bàálù ńlá ni. Lóṣù méjìdínlógún, Bogotá, Madrid, ibi tó bá wù ú."

"Captain," ni Deyanira wí, "ẹ jọ̀ọ́, bàálù mélòó ló ń fò lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ọmọ tó ní làákàyè! Don Custodio, ẹ bí i ire." Ó ti tẹ ìwé síwájú Custodio. "Ìsàlẹ̀ ibí yìí, àti ojú ìwé kejì. Àdéhùn lásán ni. Owó tá a bá ti gbà, a kì í dá a padà, ẹ mọ̀ pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Custodio gba kálàmù. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbé àpò símẹ́ńtì bí ẹni gbé ìrọ̀rí rọra ń wá ìlà tó máa fọwọ́ sí. Belarmina ti lọ dúró sábẹ́ fọ́tò ọmọ rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu férémù tí kò dọ̀tí. Nínú fọ́tò náà, Fabián la ẹnu rẹ́rìn-ín, omi dúdú ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ẹ wo nǹkan, Deya! Bí ìwọ náà ṣe máa rí nìyí."

Ermelinda dìde. Kò mọ̀gbà tó dìde.

"Fabián, ọmọ mi. Lọ́jọ́ yẹn, kí ni wọ́n dà lé ọ lórí?"

Captain Larrarte rẹ́rìn-ín. "Ọ́ìlì ni, màdáámù! Àṣà wa ni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo bi."

Fabián wo bàtà rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wo bàtà.

"Èmi ni mo fọ aṣọ náà," ni Ermelinda wí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Èèrà ló kọ́kọ́ débẹ̀ kí n tó débẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń fọ aṣọ àwọn ará pápá, mi ò rí èèrà tó ń lá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rí. Mo bi ọ́ ni, torí mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ọ."

"Panela ni," ni Fabián wí. "Panela àti kọfí. Wọ́n ní fọ́tò ni wọ́n fẹ́ yà, pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá fò gan-an."

"Fabián," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Wákàtí mélòó lo ti fò?" ni Deyanira bi í, jẹ́jẹ́, bí ẹ̀gbọ́n tó ń bi àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fabián ló dàgbà.

"Mẹ́sàn-án."

"Láti ọdún méjì?"

"Bàálù bàjẹ́. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí n máa bá wọn gba àlejò ná. Tí mo bá mú ọmọ kan wá, wọ́n á fún mi ní wákàtí méjì." Omi dé ojú rẹ̀ báyìí. "Deya, má bínú. Wákàtí méjì ni wọ́n ní àwọn máa fún mi lórí ẹ."

"Ẹ gbọ́, àwòrán ìpolówó..." ni Captain bẹ̀rẹ̀.

Custodio dé kálàmù, ó rọra fi í lé orí ìwé. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tí kì í dé fìlà nínú ilé onílé yìí gbé fìlà rẹ̀, ó dé e níbẹ̀, lójú Captain, ó tún un ṣe kó tọ́. Ó gbé àpò.

"Ẹ ṣeun fún kọfí," ló wí.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ìdílé mìíràn ń wọlé, bàbá wọn sì yọ fìlà. Deyanira dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ bi wọ́n pé bàálù mélòó ló ń fò," ló wí fún wọn. "Ẹ má fọwọ́ sí ìwé títí wọ́n á fi dáhùn." Belarmina ò bá wọn jáde. Ó ṣì dúró sábẹ́ fọ́tò náà, ó kẹ́yìn sí gbogbo wọn, kò sì nu férémù mọ́.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, wọ́n rékọjá afárá. Lójijì ni Custodio ní, "Èèrà." Ó mi orí. "Lójoojúmọ́ ni mo ń wà lórí pápá yẹn, Erme. Lójoojúmọ́." Ermelinda fi ọwọ́ rẹ̀, tí omi ti hun, lé orúnkún ọkọ rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Ilé kọ́ ni wọ́n lọ. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wáyà pápá títí dé El Gabán. Captain Anzola ń gbálẹ̀ lóòótọ́, sálúbàtà ló sì wọ̀. Ọkùnrin arúgbó tó tóbi ni, irun imú rẹ̀ ti funfun. Custodio fẹ́ sọ̀rọ̀, Ermelinda ṣíwájú rẹ̀.

"Captain, ẹ káàsán. Níbo lẹ ti ń da ọ́ìlì sí àwọn ọmọ lára?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó mú wọn lọ sẹ́yìn ilé páànù. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí ìdí ààrò, ó fẹ̀ tó yàrá kan. Koríko ò hù níbẹ̀. Garawa kan dojú délẹ̀, ọ́ìlì ṣì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ni ti ìgbẹ̀yìn," ni Captain wí. "Ọmọ alápatà kan láti Acacías. Ó sunkún bí ọmọdé."

Custodio bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ náà, ó fi ìka méjì rà á, ó gbé e sí imú. Ermelinda ń wo ilẹ̀ yíká, lábẹ́ garawa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò rí èèrà kan.

"Mi ò lè ṣèlérí ilé iṣẹ́ bàálù ńlá fún un o," ni Captain Anzola wí. "Ẹni tó bá ṣe é, irọ́ ló pa. Igba wákàtí ni ìjọba ń béèrè kó tó lè gbowó lórí bàálù wíwà. Òjò máa ń dá wa dúró, bàálù kan wà lórí búlọ́ọ̀kù títí ìparí oṣù. Àmọ́ wákàtí tí mo bá kọ sínú ìwé ẹ̀, òkè ló ti lò ó. Bó bá ṣe ń fò lẹ ó máa san. Ẹ gbé owó yín padà sílé, ẹ mú ti oṣù kan wá ní Mọ́ńdè."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Deyanira wí, "ṣé mo lè rí ìwé àtúnṣe bàálù tó ń fò?"

Captain bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún yìí tó wọlé, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ẹ̀." Ó yíjú sí Custodio. "Ta ló kọ́ ọmọ yìí bẹ́ẹ̀?"

Custodio yọ fìlà rẹ̀, ní ibi tí kò sí òrùlé, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. "Ìyá ẹ̀," ló wí. "Ìyá ẹ̀ náà ló yan ilé ẹ̀kọ́. Alágbàfọ̀ ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń pe oyè, ojú sì ti Ermelinda bí ọmọge.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ó ti padà sídìí agbada rẹ̀. Aṣọ tábìlì ilé oúnjẹ pápá ṣì kù. Nínú ilé, Custodio ń se ọbẹ̀ sancocho adìyẹ fúnra rẹ̀, nǹkan tí kò ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n bí Deyanira, ó sì ń pariwo béèrè ibi tí iyọ̀ wà. Gbogbo òpópónà ti gbọ́. Doña Ofelia ti jáde sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìlẹ̀kùn Belarmina wà ní títì.

Nígbà tó yá, Belarmina gba ẹ̀yìn wọlé. Ó ti nu ojú tó kùn nù.

"Ermelinda."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é lórúkọ láti ọdún mọ́kàndínlógún.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Láti ọjọ́ kejì. O ń wò mí bí mo ṣe ń fi ọmọ mi yangàn káàkiri òpópónà. O fọ aṣọ yẹn, o sì jẹ́ kí n yìn ọ́."

"Mo jẹ́ kẹ́ ẹ yìn mí." Ermelinda ò wá ọ̀rọ̀ kankan tì í lẹ́yìn. "Mo rò pé àánú ni mò ń ṣe fún yín. Ojo ni mò ń ṣe."

Bàálù ẹrù àtijọ́ kan kọjá lókè wọn, aṣọ orí okùn mì. Belarmina dúró títí ariwo náà fi lọ tán.

"Fabián ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù náà," ló wí. "Orí tábìlì ọkùnrin yẹn ló fi í sí. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ gba àárín ìlú kọjá, èmi àti ẹ̀ jọ rìn ni. Mo gbé orí sókè, mi ò mọ bí mo ṣe gbé e." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ní Mọ́ńdè mò ń lọ gba owó mi."

"Àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní dákẹ́."

Belarmina ò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì sọ pé òun ò dárí jì í. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó mú etí kan aṣọ tábìlì tó wà nínú omi, Ermelinda mú etí kejì, wọ́n jọ lọ́ ọ, omi ń dà sí wọn lẹ́sẹ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n bá da ọ́ìlì sí Deya lára," ni Belarmina wí nígbà tó yá, "ta ló máa fọ aṣọ ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́, comadre. Ogún ọdún ni mo ti ń fọ àbàwọ́n kúrò lára aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Tèmi yẹn, bó bá ṣe dúdú tó, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe sá a sójú títì."